Ta lò ń sín jẹ?

"Imitate" tí Gẹ̀ẹ́sì ń sọ yìí, ẹnu méjì ló ní. Ọmọṣẹ́ tó ń wo ọwọ́ ọ̀gá rẹ̀ kó lè mọ iṣẹ́ ṣe, "imitate" ló ń ṣe. Ẹni tó ń tiro lẹ́yìn amúkùn-ún láti fi ṣe yẹ̀yẹ́, òun náà ń "imitate". Yorùbá ò gbà bẹ́ẹ̀. Tí mo bá fara wé ọ, ara tèmi ni mo fi wé ọ, torí "fi ara" ló di "fara". Tí mo bá sín ọ jẹ, ìwọ lo há sáàárín: "sín" wà níwájú rẹ, "jẹ" wà lẹ́yìn.

Ẹ wá wò ó ní Barking àti Dagenham níbí. Ìyá ní òun ń lọ sí Heathway, ó gbé "h" mì, ọmọ sì sín in jẹ, tọwọ́ tẹsẹ̀. Ilé bú sẹ́rìn-ín. Ẹ dúró ná o. Láti 1921 ni London County Council ti ń kọ́ àwọn ilé Becontree. Àwọn ará East End tó kó wá síbẹ̀ gbé ohùn wọn dání, àwọn náà sì máa ń gbé "h" mì. Tí bàbá òyìnbó kan bá sọ "'Eathway" nínú bọ́ọ̀sì, ọmọ yẹn ò ní rẹ́rìn-ín. "H" kan náà ló sọnù!

Àwọn kan á ní ẹ̀fẹ̀ lásán ni, pé Yorùbá ti ń ṣe é tipẹ́. Òótọ́ ni. Ní 1826, ní Ọ̀yọ́ Ilé, wọ́n ṣeré fún Clapperton, arìnrìn-àjò ará Scotland. Òṣèré kan jáde bí òyìnbó: ó funfun bí àbẹ́là, ó rù, ó ń gbọ̀n fún òtútù, ó ń fín áṣáà, ó ń rìn bí ẹni tí ilẹ̀ ń gún lẹ́sẹ̀. Wọ́n ń bi Clapperton bóyá ó ṣe é dáadáa, ó sì ní ó ṣe é dáadáa. Ìsínjẹ pọ́ńbélé! Àmọ́ Clapperton ò níṣẹ́ kankan tó fẹ́ wá ní Ọ̀yọ́ lọ́jọ́ kejì. Ohùn tí ọmọ fi pa ilé lẹ́rìn-ín lálẹ́, òun ni ìyá máa gbé lọ síwájú ẹni tó fẹ́ gbà á síṣẹ́ láàárọ̀.

Mi ò ní kí ẹ na ọmọ. Fóònù ìyá ni kí ẹ kọ́kọ́ gbọ́. Tó bá dún, tó jẹ́ pé òyìnbó ló ń pè, ohùn á yí padà wéré, "h" á pé síbi tó yẹ àti ibi tí ò yẹ. Kò sín ẹnikẹ́ni jẹ, ó ń fara wé wọn ni, kó lè rí oúnjẹ òòjọ́. Ṣùgbọ́n ọmọ wà lórí àga níbẹ̀, ó ń gbọ́ bí ìyá ṣe ń fi ohùn ilé pamọ́ fún àlejò.