Ǹjẹ́ Ó Yẹ Kí A Bi Aláìsàn Bí Ó Ṣe Kó Àrùn?

Bí a bá gbọ́ pé ẹnì kan ní àrùn éèdì, ìbéèrè tí ó máa ń kọ́kọ́ wá sí ẹnu wa ni pé: "Báwo ni ó ṣe kó o?" A kì í bi ẹni tí ibà ń ṣe bẹ́ẹ̀. Kí ni a fẹ́ fi ìdáhùn náà ṣe?

Fíìmù Faransé kan tí ó jáde ní ọdún 2017, 120 battements par minute, gbé ọ̀rọ̀ yìí síwájú wa. Robin Campillo tí ó ṣe é wà nínú ẹgbẹ́ Act Up-Paris ní àwọn ọdún 1990, ìtàn ẹgbẹ́ náà ni ó sì sọ. Púpọ̀ nínú wọn jẹ́ ọkùnrin tí ń fẹ́ ọkùnrin. Àrùn náà ti wà lára ọ̀pọ̀ wọn, oògùn tí ó lè kápá rẹ̀ kò sì tí ì dé. Wọ́n wọ ilé iṣẹ́ tí ń ṣe oògùn, wọ́n ní kí wọ́n má ṣe fi èsì ìwádìí pamọ́. Wọ́n wọ kíláàsì láti la àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ lọ́yẹ̀.

Ọ̀dọ́mọkùnrin kan wà láàárín wọn tí oògùn tí a fi ẹ̀jẹ̀ ṣe ni ó kó àrùn náà ràn án. Irú rẹ̀ ṣẹlẹ̀ lóòótọ́. Ní ọdún 1985, àjọ tí ń pín ẹ̀jẹ̀ ní Faransé ṣì ń fún àwọn tí ẹ̀jẹ̀ wọn kì í tètè dá ní oògùn tí kòkòrò àrùn náà wà nínú rẹ̀, àwọn ọ̀gá ibẹ̀ sì mọ̀. Ní ọdún 1992, ilé ẹjọ́ dá ẹ̀wọ̀n ọdún 4 fún ọ̀gá àgbà wọn.

Àwọn ènìyàn a máa pe irú ọmọ bẹ́ẹ̀ ní aláìṣẹ̀, wọn a sì fi ojú ẹlẹ́ṣẹ̀ wo ẹni tí ó jókòó tì í. Bẹ́ẹ̀ ìrora kan náà ni, oògùn kan náà ni àwọn méjèèjì ń retí.

Àwọn kan yóò sọ pé bí a bá ṣàánú, a ti fọwọ́ sí ìwà nìyẹn. Rárá o. Panápaná kì í bèèrè ẹni tí ó tan iná kí ó tó gbé omi. Ohun tí a rò nípa ìgbé ayé ẹnì kan ọ̀tọ̀, ìtọ́jú tí ó tọ́ sí i ọ̀tọ̀. Ìdákẹ́ pàápàá kò gba ẹnikẹ́ni là: bí ará ilé ẹni bá ń jẹ kòkòrò búburú, tí a kò sọ fún un, hẹ̀rẹ̀huru rẹ̀ kò ní jẹ́ kí a sùn lóru.

Ní ọdún 1996 ni àpapọ̀ oògùn tí ó ń kápá àrùn náà dé. Kò bá ọ̀pọ̀ nínú wọn láyé mọ́.

Nítorí náà, bí a bá dé ọ̀dọ̀ aláìsàn, ẹ jẹ́ kí ìbéèrè wa jẹ́: "Kí ni kí a bá ọ ṣe?"