Èèpo tí a bó tí igi kò kú

Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́hun Ọba tó dá igi, tó sì fi èèpo bò ó lára. 

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ Mùsùlùmí, lọ́kùnrin lóbìnrin, ẹ jẹ́ kí n bi yín léèrè ọ̀rọ̀ kan. Kọ́ọ̀kì ìgò mínírà tí a máa ń ṣà jọ nígbà èwe, tí a fi ń gbá bọ́ọ̀lù lórí tábìlì, kí ló dé tó fi ń jẹ́ kọ́ọ̀kì, nígbà tó jẹ́ pé irin ni? Èèpo igi ló ni orúkọ náà. Nígbà tí William Painter ní Amẹ́ríkà gbé ìdérí onírin yìí jáde ní 1892, èèpo igi pẹlẹbẹ kan ni wọ́n fi ń tẹ́ inú rẹ̀ kí afẹ́fẹ́ má baà jáde. Lónìí ike ló wà níbẹ̀. Èèpo ti lọ, orúkọ rẹ̀ ló kù.

Igi tó ni èèpo náà kì í ṣe igi ilẹ̀ wa. Ilẹ̀ Potogí ló pọ̀ sí jù, ibẹ̀ ni nǹkan bí ìdajì kọ́ọ̀kì gbogbo ayé ti ń wá. Ó wà ní Sípéènì, ó sì wà lọ́dọ̀ àwọn arákùnrin wa ní Mòrókò, Àlùjéríà àti Tùnísíà. Fillīn ni àwọn Lárúbáwá ń pe èèpo náà. Alcornoque ni àwọn ará Sípéènì ń pe igi rẹ̀. Ẹni tó bá ti jókòó ní ilé kéwú rí yóò dá "al" iwájú rẹ̀ mọ̀, nítorí ẹnu àwọn Mùsùlùmí Andalúsì ni wọ́n ti gbà á.

Ohun tó yà mí lẹ́nu ni pé wọ́n a máa bó igi yìí, kì í sì í kú. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé bí eléwé-ọmọ bá bó èèpo igi yí ká, gbígbẹ ni yóò gbẹ. Ṣùgbọ́n lábẹ́ èèpo tó nípọn yìí, Ọlọ́hun fi awọ mìíràn sí i, awọ yẹn ló ń hu èèpo tuntun. Àáké ni wọ́n fi ń bó o, láàrin oṣù karùn-ún sí ìkẹjọ, nígbà tí èèpo bá ń tú wẹ́rẹ́. Ẹni tó mú àáké lọ́wọ́ gbọ́dọ̀ mọ ibi tí yóò dé dúró. Bó bá ṣá awọ inú, igi ti gbọgbẹ́ nìyẹn. Kì í ṣe iṣẹ́ ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ ẹnu ìkọ́ṣẹ́. Bí wọ́n bá bó o tán, ara rẹ̀ a pọ́n, wọn a fi ọ̀dà kọ nọ́ńbà tó gbẹ̀yìn ọdún náà sí i lára. Èyí tí wọ́n bó ní 2020, "0" ni wọ́n kọ sí i, ó di 2029 kí wọ́n tó tún bó o, nítorí ọdún 9 ni òfin Potogí là sílẹ̀.

Ẹ fara balẹ̀ gbọ́ ti ọdún wọ̀nyí. Igi náà a tó bí ọdún 25 kí wọ́n tó bó o fún ìgbà àkọ́kọ́. Èèpo àkọ́kọ́ yẹn le, ó rí págunpàgun, kò ṣe é dí ìgò. Wọn kì í dà á nù o. Wọ́n a lọ̀ ọ́, wọ́n a fi ṣe ohun tí wọ́n ń tẹ́ sílẹ̀ẹ́lẹ̀, àti èyí tí wọ́n ń fi sára ògiri kí ooru àti òtútù má baà ráyè wọlé. Lẹ́yìn ọdún 9, wọ́n bó ìkejì. Ó sàn díẹ̀, kò tíì tó. Ìkẹta ló máa ń dán, nígbà tí igi ti lé ní ogójì ọdún. Ẹni tó gbìn ín lè ti padà sọ́dọ̀ Ẹlẹ́dàá rẹ̀.

Mo mọ̀ pé ẹnìkan yóò sọ pé, "Àáfà, ṣebí ìgò ọtí ni wọ́n ń fi dí?" Bẹ́ẹ̀ ni, púpọ̀ rẹ̀ ni. Ẹni tó pọn ọtí ni yóò jẹ́jọ́ ọtí, igi kò mọ̀wọ̀n mẹsẹ̀. Èèpo kan náà ni àwọn apẹja ti ń so mọ́ àwọ̀n láti ayébáyé kó má baà rì. Òun náà ni Robert Hooke gé fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ sábẹ́ ẹ̀rọ amú-nǹkan-tóbi, tó fi rí àwọn yàrá kéékèèké tó sọ ní "cell" nínú ìwé tó tẹ̀ jáde ní 1665. Ẹ̀yin tí ẹ ń ka báyọ́lọ́jì, ara èèpo yìí ni ọ̀rọ̀ náà ti bẹ̀rẹ̀.

Ṣùgbọ́n àáké nìkan kọ́ ni ewu rẹ̀. Ní igbó Maamora, lẹ́bàá Rabat ní Mòrókò, àwọn èèyàn ń ṣa èso igi náà jẹ, wọ́n sì ń tà á. Àgùntàn ń jẹ èyí tó kù, ó sì ń jẹ ọmọ igi tó bá yọjú. Àwọn àgbà igi wà lórí ìdúró, èyí tí yóò rọ́pò wọn kò rọ́nà hù.

Ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti kàn mí nìyẹn, nítorí mo rò ó mọ́ àsàlátù wa. Arákùnrin kan nínú ẹgbẹ́ ṣe wáàsí àkọ́kọ́ rẹ̀ lójú àwùjọ. Ó ṣi ibì kan kà nínú Alùkùráánì, ọ̀rọ̀ dàrú mọ́ ọn lẹ́nu, ẹsẹ̀ rẹ̀ ń gbọ̀n. Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Mo wà níbẹ̀, èmi olùkọ́ rẹ̀, n kò sì bá wọn wí. Láti ọjọ́ náà a kò rí i mọ́. Èèpo àkọ́kọ́ ló bó fún wa, àwa ń retí èyí tí wọ́n fi ń dí ìgò.

Mo ti dé ilé rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, n kò bá a. Bí ó bá ń ka èyí, kó mọ̀ pé mo ti bá àwọn alákòóso sọ ọ́: ọjọ́ Àìkú àkọ́kọ́ nínú oṣù tó ń bọ̀, òun ni yóò ṣe wáàsí, lórí súrà kan náà. Iwájú ni èmi yóò jókòó sí. Ẹni tó bá fẹ́ rẹ́rìn-ín, kó kọ́kọ́ wojú mi.