Kókó Ìsápá Tí A Dànù

Bíbélì Kíkà: Jòhánù 6:1–13



Nígbà tí òjò bá ń kásẹ̀ ńlẹ̀, ìsápá pupa a máa so lẹ́bàá ọ̀nà àti lórí ilẹ̀ tí a ti pa tì. Òun náà ni a fi ń ṣe sóbò. Ní Ìkórè ọdún tó kọjá, a kó àwọn ọmọ Ilé Ẹ̀kọ́ Ọjọ́ Ìsinmi lọ já èyí tí ó lalẹ̀ hù lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì, kí a fi ṣe jẹ́lì fún títà. Òdòdó rẹ̀ kì í pẹ́ rẹ̀. Awẹ́ pupa tí ó bo èso ni a ń wá. Àwọn ọmọ jókòó sórí ẹní, wọ́n ń ya awẹ́, wọ́n ń ju kókó rẹ̀ dànù. Ọwọ́ wọn pupa, ẹnu wọn náà pupa! (Gbogbo ohun tí wọ́n já kọ́ ló dé inú ìkòkò.)

A fọ awẹ́, a sè é rọ̀, a fi aṣọ mímọ́ sẹ́ ẹ, a wọn ife ṣúgà kan sí ife omi rẹ̀ kan, a gbé e padà ka iná. A sè é títí, ó kọ̀, kò dì. Bí a bá kán an sórí àwo tútù, ńṣe ni ó ń ṣàn.

Màmá àgbà kan nínú ẹgbẹ́ wa bi wá pé, “Kókó rẹ̀ dà?” A ní a ti dà á nù. Wọ́n ní, “Ẹ lọ ṣà á wá. Òun ló ń mú un dì.” Òótọ́ ni, kókó tútù yẹn ní èròjà tí àwọn onímọ̀ oúnjẹ ń pè ní pẹ́kítìn.

Ọmọbìnrin kan ti ṣà á sínú abọ́. Ọmọ ọ̀dọ̀ ni, lọ́dọ̀ ọ̀kan nínú wa. A kò pè é mọ́ àwọn tí ń ṣe jẹ́lì. Ilẹ̀ ni a ní kó wá gbá. Ó ní ìyá àgbà òun nílé kì í dà á nù.

Ẹ wo Bíbélì kíkà wa. Fílípì ń ṣírò owó. Áńdérù rí ọmọdékùnrin tó ní ìṣù àkàrà márùn-ún, ṣùgbọ́n ojú ẹsẹ̀ ló ti fojú kéré ohun tó wà lọ́wọ́ rẹ̀. Nígbà tí gbogbo ènìyàn yó, Olúwa ní kí wọ́n kó àjẹkù jọ, ó sì kún agbọ̀n 12. Àwa ìyá a máa fi ẹsẹ yìí bá ọmọ wí nítorí oúnjẹ. Ta ló ń ṣọ́ ilé, tó ń se ìrẹsì, nígbà tí a bá kó àwọn ọmọ tiwa wá sí ìsìn? Ṣé ó mọ̀wé kà? Òfin ẹ̀tọ́ ọmọdé tí ìjọba àpapọ̀ ṣe ní 2003 sọ pé gbogbo ọmọ ló yẹ kó kàwé, ṣùgbọ́n kí òfin náà tó dé ni Bíbélì ti wà nílé wa. Kò rọrùn fún wa láti kọ èyí, nítorí ọ̀rọ̀ náà bá àwa tí a ń kọ ọ́ wí.

A fi omi bo kókó inú abọ́ náà, a sè é, a sẹ́ omi rẹ̀ tí ó ń yọ̀, a dà á mọ́ ti àkọ́kọ́. Kò pẹ́ tí ó fi dì.

Nígbà tí a fẹ́ kọ orúkọ àwọn ọmọ tí ó ṣiṣẹ́, kò sí ẹni tí ó mọ orúkọ àbísọ ọmọbìnrin yìí nínú wa. A bi í. Ó sọ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì kí akọ̀wé tó gbọ́, wọ́n sì kọ ọ́ sínú ìwé Ilé Ẹ̀kọ́ Ọjọ́ Ìsinmi.