Ìwúre fún Ilẹ̀ Ìjẹ̀bú: Kí Ìjọba Má Gba Iṣẹ́ Ọlọ́run Ṣe

Olódùmarè, a jí, a wá bá Ọ sọ̀rọ̀ ilẹ̀ wa. Láti Ìjẹ̀bú-Igbó dé Àgọ́-Ìwòyè, títí dé Àbígí àti Ìwopin létí ọ̀sà, jẹ́ kí ohùn wa dé ọ̀dọ̀ Rẹ.

Ní 1892, ìbọn ogun Ìmàgbọ̀n ló fi tipátipá ṣí ilẹ̀kùn Ìjẹ̀bú fún òyìnbó. Ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ ara wọn ni àwọn baba wa fi rìn wọ ṣọ́ọ̀ṣì àti mọ́ṣáláṣí. Bàbá, kí ẹnikẹ́ni má fi ìbọn tàbí òǹtẹ̀ ìjọba lé ọmọ wa wọ ilé àdúrà.

Nínú agboolé wa, bí Iléyá bá dé, abọ́ ẹran tí a fi ewé bò ni ó ń kọjá láti ojúlé dé ojúlé. Ìyá tó gbé e ti kírun tán. Ẹni tó gbà á ń palẹ̀ mọ́ fún ìsìn àárọ̀. Ìlẹ̀kẹ̀ Ọ̀ṣun wà lọ́rùn ọwọ́ ẹni tó fi ewé bò ó. Kí abọ́ yẹn má ṣe fọ́ mọ́ wa lọ́wọ́.

Òfin ilẹ̀ wa ti 1999, ní abala 10, kò gba ìjọba àpapọ̀ tàbí ìpínlẹ̀ kankan láyè láti sọ ẹ̀sìn kan di ti ìjọba. Amẹ́ríkà ti kọ irú rẹ̀ sínú ìwé òfin láti 1791, síbẹ̀ wọ́n ṣì ń gbé ara wọn lọ sí kóòtù lórí rẹ̀. Ìwé nìkan kò tó. Fi òfin náà sọ́kàn àwọn tó fi í búra.

Awùjalẹ̀ ilẹ̀ Ìjẹ̀bú, Ọba Síkírù Káyọ̀dé Adétọ̀nà, wàjà ní ọjọ́ 13 oṣù Keje 2025, lẹ́yìn ọdún 65 lórí ìtẹ́. Wọ́n sin ín bí a ṣe ń sin Mùsùlùmí, inú àwọn oníṣẹ̀ṣe kò sì dùn. Èmi gbà pé ọba lẹ́tọ̀ọ́ láti yan bí a ó ṣe sin òun. Mo gbà pẹ̀lú pé ìbànújẹ́ ẹni tó di àṣà mú kì í ṣe ohun ẹ̀gàn. Bàbá, wo ọgbẹ́ yẹn sàn.

Ẹni tó bá wà lórí ìtẹ́ Orímolúsì Ìjẹ̀bú-Igbó àti ti Ẹbumáwẹ̀ Àgọ́-Ìwòyè, kí adé pẹ́ lórí, kí bàtà pẹ́ lẹ́sẹ̀. Kó jẹ́ baba onígbàgbọ́, baba Mùsùlùmí, baba oníṣẹ̀ṣe.

Kí ìjọba gbájú mọ́ iṣẹ́ tirẹ̀: kó tún ọ̀nà ṣe, kó rántí ilé-iṣẹ́ bébà Ìwopin tí a ti ń retí èso rẹ̀ tipẹ́. Kí akẹ́kọ̀ọ́ Yunifásítì Ọlábísí Ọnàbánjọ rí yàrá gbà láìjẹ́ pé onílé bi í ní ṣọ́ọ̀ṣì tó ń lọ.

Ẹ̀yin tí ẹ ń bá mi ṣe àṣẹ yìí, bí ọjọ́ ìdìbò bá dé, ẹ má bi olùdíje ní ibi tó ti ń gbàdúrà. Ọ̀nà tó là ni kí ẹ bi í.