Ìgbàgbọ́ Olórí Kọ́ Ni Ìlú Ń Jẹ

Bí ebi bá lé ènìyàn kúrò nínú ìgbàgbọ́ rẹ̀, ṣé a lè pè é ní ìrònúpìwàdà? Òkìríkà ni mò ń tà lọ́jà Ọ̀sì, ọ̀nà Kùtọnu ní Benin sì ni ọ̀pọ̀ béèlì wa ń gbà wọlé. Ìdí nìyí tí ọ̀rọ̀ Mathieu Kérékou, olórí orílẹ̀-èdè Benin nígbà kan rí, kì í fi í jọ ọ̀rọ̀ òkèèrè létí mi.

Ṣọ́jà ni Kérékou, ó gbàjọba ní 1972. Ní ọjọ́ 30 oṣù kọkànlá 1974, ó kéde ní Abomey pé ọ̀nà Marx àti Lenin ni ìlú yóò máa tọ̀. Ìjọba gba báńkì, ó gba títa epo, ó gba ilé ìwé lọ́wọ́ àwọn míṣọ́n, ó sì gbógun ti àwọn abọ̀rìṣà. Ṣùgbọ́n èbúté Kùtọnu kò sinmi. Púpọ̀ nínú ẹrù tó ń gúnlẹ̀ síbẹ̀, Nàìjíríà ló ń bọ̀. Lẹ́nu, wọ́n ń bá ètò àwọn olówó jà. Owó ibodè tí oníṣòwò ń san ni wọ́n sì fi ń gbọ́ bùkátà. Nígbà tí ìjọba wa ní Nàìjíríà ti ibodè láti 1984 di 1986, tí owó epo tún já wálẹ̀, ìyà dé bá Kùtọnu.

Nígbà tí yóò fi di 1989, báńkì ìjọba mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ti dẹnu kọlẹ̀, òṣìṣẹ́ kò sì rówó oṣù gbà. Ilé ẹjọ́ padà dá Mohamed Cissé lẹ́bi pé ó wà nínú àwọn tó kó owó báńkì jẹ. Alfaa ará Mali ni, òun sì ni olùdámọ̀ràn Kérékou. Ìjọba tó fi ìwé Marx ṣe ìwé mímọ́, onítírà ló jókòó ti àpò rẹ̀! Ní oṣù kẹfà 1989, Kérékou tọwọ́ bọ̀wé pẹ̀lú Báńkì Àgbáyé àti IMF. Ní oṣù kejìlá, ó jáwọ́ nínú ọ̀nà Marx.

Àwọn kan ń sọ pé ọjà ló borí. Èmi kò gbà bẹ́ẹ̀. Àwa tí à ń ra béèlì mọ̀ pé ohun tí wọ́n kọ sára rẹ̀ kọ́ là ń tà. Owó la kọ́kọ́ ń san, ká tó já okùn rẹ̀. Wọ́n lè kọ aṣọ ọmọdé sára rẹ̀, kó jẹ́ ṣòkòtò àgbà tí ìdí rẹ̀ ti já la ó bá nínú rẹ̀, kò sì sí ẹni tí yóò gbà á padà. Bẹ́ẹ̀ náà ló rí fún Benin: ó ṣílẹ̀kùn fún ọjà tán, síbẹ̀ ní oṣù kìíní 1994, owó CFA tí wọ́n ń ná níbẹ̀ pàdánù ìdajì agbára rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.

Lójú tèmi, ìpàdé àpapọ̀ tí wọ́n ṣe ní Kùtọnu ní oṣù kejì 1990 ló tún nǹkan ṣe. Bíṣọ́ọ̀bù Isidore de Souza ló darí rẹ̀. Òṣìṣẹ́, àgbẹ̀, akẹ́kọ̀ọ́ àti ṣọ́jà jókòó, wọ́n bi ìjọba léèrè níwájú gbogbo ayé. Kérékou gba ohun tí wọ́n fẹnu kò sí. Nígbà tí Nicéphore Soglo borí rẹ̀ nínú ìbò ààrẹ 1991, Kérékou gbéjọba sílẹ̀.

Ó padà dé ní 1996, ó ti di ọmọlẹ́yìn Kristi. Lọ́jọ́ ìbúra, ó fo ibi tí òfin ti ní kó dárúkọ àwọn baba ńlá. Ilé ẹjọ́ ní kó tún un búra, ó sì tún un búra. Kristẹni ni mí, mo mọ ohun tó ń kọ ọ́ lóminú. Síbẹ̀ ilé ẹjọ́ jàre, nítorí ìbúra náà kì í ṣe fún ọkàn tirẹ̀. Ti gbogbo àwọn tó gbé àpò ìlú lé e lọ́wọ́ ni, onígbàgbọ́, mùsùlùmí àti abọ̀rìṣà.

Ìrònúpìwàdà ọkàn, Ọlọ́run nìkan ló mọ̀ ọ́n. Ti olórí gbọ́dọ̀ ṣeé kà lówó. Sákéù agbowó-òde inú Bíbélì dìde dúró, iye ìlọ́po tí òun yóò san padà ló sọ níwájú èrò. Nítorí náà, ẹni tó bá ń du ipò lágbègbè wa, ní Àràrọ̀mí-Ọ̀pin tàbí ní Ìlọ́fà, ẹ má bi í léèrè ìjọ tó ń lọ. Ẹ bi í léèrè ọjọ́ tí yóò ṣí ìwé owó ìjọba ìbílẹ̀ fún wa, kí ẹ sì ní kó dá ọjọ́ náà kí ẹ tó dìbò.