Wá Àlàáfíà Ìlú Tí O Wà

BÍBÉLÌ KÍKÀ: Jeremáyà 29:1–14
ÀKỌ́SÓRÍ: Jeremáyà 29:7

Nígbà tí Nebukadinésárì kó àwọn ará Júdà ní ìgbèkùn lọ sí Bábílónì, ìbéèrè kan ṣoṣo ló wà lẹ́nu wọn: "Ìgbà wo ni a ó padà sílé?" Wòlíì Hananáyà sọ ohun tí wọ́n fẹ́ gbọ́. Ó ní ọdún méjì péré ni yóò gbà. Irọ́ ni ó pa. Ìwé tí Jeremáyà kọ ránṣẹ́ sí wọn sọ pé àádọ́rin ọdún ni. Síbẹ̀, Olúwa kò ní kí wọ́n káwọ́ lérí fún àádọ́rin ọdún. Ó ní kí wọ́n kọ́ ilé, kí wọ́n gbin ọgbà, kí wọ́n gbé ìyàwó, kí wọ́n sì bí ọmọ. Lẹ́yìn náà ni ó wá sọ èyí tó le jù lọ: kí wọ́n máa wá àlàáfíà ìlú náà, kí wọ́n sì máa gbàdúrà fún un, nítorí inú àlàáfíà rẹ̀ ni àlàáfíà tiwọn wà. Ìlú tó kó wọn lẹ́rú!

Ará, ọ̀rọ̀ yìí kò jìnnà sí wa ní Èkó. Ní oṣù Kejìlá ọdún 1851, àwọn ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì yìnbọn àgbá lu Èkó. Ilé jóná. Ọba Kòsọ́kọ́ àti àwọn èèyàn rẹ̀ sá kúrò nílùú, wọ́n sì tẹ̀dó sí Ẹ̀pẹ́. Ní ọjọ́ 6, oṣù Kẹjọ, ọdún 1861, ọkọ̀ ogun Prometheus wà lórí omi nígbà tí Ọba Dòsùnmú fọwọ́ sí ìwé tó sọ Èkó di ti Gẹ̀ẹ́sì. Àṣẹ àjèjì ni Èkó ń gbà títí di ọdún 1960.

Láàárín àkókò yẹn náà ni àwọn tí ogun ilẹ̀ Yorùbá ti sọ di ẹrú, àti àwọn ọmọ wọn, ń padà bọ̀ láti òkè òkun. Àwọn Sàró dé láti Sierra Léònè, wọ́n tẹ̀dó sí Ọlọ́wọgbọ́wọ̀. Àwọn Àgùdà dé láti Bùràsíìlì àti Kúbà, wọ́n tẹ̀dó sí Pópó Àgùdà. Ọ̀pọ̀ nínú wọn kì í ṣe ọmọ Èkó. Ẹ̀gbá ni ẹlòmíràn, Ìjẹ̀ṣà ni ẹlòmíràn, Ọ̀yọ́ ni ẹlòmíràn. Wọn ì bá jókòó kí wọ́n máa sunkún ohun tí wọ́n pàdánù. Ṣùgbọ́n wọ́n kọ́ ilé, wọ́n kọ́ ilé ìjọsìn, wọ́n dá ilé ìwé sílẹ̀. Ní ọdún 1859 ni CMS Grammar School bẹ̀rẹ̀, Sàró kan ló sì jẹ́ olórí rẹ̀ àkọ́kọ́. Títí di òní, à ń jẹ èrè ohun tí àwọn àlejò wọ̀nyí gbìn.

Inú Èkó yẹn ni a bí August Agboọlá Browne sí ní ọdún 1895. Ó rìnrìn àjò lọ sí Ìlú Ọba, nígbà tó sì di ọdún 1922, ó ti dé Pólàndì, níbi tí ó ti di onílù nínú ẹgbẹ́ olórin ní ìlú Warsaw. Àwọn ará Pólàndì mọ ohun tí àjàgà àjèjì ń jẹ́. Láti ọdún 1795 títí di ọdún 1918, Rọ́ṣíà, Prussia àti Austria pín ilẹ̀ wọn láàárín ara wọn, ọ̀pọ̀ ọmọ wọn sì fi ilé sílẹ̀ lọ sí Faransé àti Amẹ́ríkà. Wọn kò tíì gbádùn òmìnira fún ọdún mọ́kànlélógún tí Jámánì fi tún gbógun tì wọ́n ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 1939.

Kí ló kan ọmọ Èkó nínú rẹ̀? Ìlú tí ó ń gbé ni. Ní Pólàndì ni ó ti fẹ́yàwó, tí ó sì ti bímọ. Nínú fọ́ọ̀mù kan tí ó kọ ní ọdún 1949, ó sọ pé òun wà lára àwọn tó gbèjà Warsaw ní 1939, òun sì tún wà lára àwọn tó dìde ní 1944. Ọjọ́ mẹ́tàlélọ́gọ́ta ni wọ́n fi jà ní 1944, kí ọwọ́ Jámánì tó tẹ̀ wọ́n, tí wọ́n sì wó ìlú náà palẹ̀. Lẹ́yìn ogun, Browne kò tíì fi ìlú tó ti di àlàpà náà sílẹ̀. Ó ṣiṣẹ́ níbẹ̀ títí di ọdún 1958 tí ó kó lọ sí London. Ibẹ̀ ni ó kú sí ní ọdún 1976. Ní ọdún 2019, wọ́n gbé òkúta ìrántí kalẹ̀ fún ọmọ Èkó yìí ní Warsaw.

A kò sọ pé kí o gbé ìbọn. Ohun ìjà wa kì í ṣe ti ara. Ṣùgbọ́n bí onílù lè ka ìlú onílùú sí tirẹ̀ tó bẹ́ẹ̀, kí ni kí a retí lọ́dọ̀ ìwọ tí Ọlọ́run pàṣẹ fún?

Olùfẹ́, ìlú wo ni o ń gbé tí ọkàn rẹ kò sí níbẹ̀? Bóyá ó ti tó ọdún mẹ́wàá tí o ti wà ní Ìsàlẹ̀ Èkó, ṣùgbọ́n bí gọ́tà bá dí lẹ́nu ọ̀nà rẹ, o ó ní, "Kò kàn mí, èmi kì í ṣe ọmọ ibí." Bóyá físà ni o ń dúró dè, o ti di ẹrù nínú ọkàn rẹ, o kò sì mọ orúkọ aládùúgbò rẹ. Bóyá ìwọ gan-an ni ọmọ onílẹ̀, tí ojú àlejò sì ń rí ọ lára. Rántí pé Kòsọ́kọ́ tó jọba l'Ékòó náà di àlejò ní Ẹ̀pẹ́.

Àwọn Hananáyà ṣì ń sọ̀rọ̀ lónìí. Wọ́n ń sọ fún ọ pé kí ọjọ́ méje tó pé, o ó ti kúrò níbí. Ọlọ́run lè ṣe é. Ṣùgbọ́n bí ó bá pẹ́ ńkọ́? Ṣé orí ẹrù ni o ó jókòó sí, bí èrò tó ń dúró de mọ́tò, títí ayé rẹ yóò fi lọ? Ẹsẹ 11 ni a fẹ́ràn láti kọ sára kàlẹ́ńdà, nípa èrò àlàáfíà tí Olúwa ní sí wa. Má gbàgbé pé àwọn ìgbèkùn ni a kọ ọ́ sí, àṣẹ ẹsẹ 7 ló sì ṣáájú rẹ̀.

Bí ọmọ rẹ bá wà ní London tàbí Houston, má kàn gbàdúrà kí ó rí owó. Dárúkọ ìlú náà níwájú Olúwa, nítorí ọjọ́ tí ìlú náà bá dàrú, inú rẹ̀ ni ọmọ rẹ wà.

Mo gbàdúrà fún ọ: ibi tí o wà kò ní gbé ọ mì. Ìwọ ni Olúwa yóò fi bùkún ibẹ̀, ní orúkọ Jésù.

KÓKÓ ÀDÚRÀ
1. Baba, dárí jì mí fún gbogbo ìgbà tí mo fi ẹnu mi bú ìlú tí ò ń fi bọ́ mi.
2. Olúwa, rán àlàáfíà sí Èkó, sínú ilé onílẹ̀ àti ilé àlejò.
3. Baba, rántí gbogbo ẹni tí ogun lé kúrò nílé. Fún wọn ní ibùgbé.

ÌGBÉSẸ̀ ÒNÍ: Béèrè orúkọ aládùúgbò kan tí o kò mọ̀, kí o sì fi orúkọ náà gbàdúrà kí o tó sùn.