Agbára Inú Aṣọ: Ẹ̀wù Ogun àti Ẹ̀wù Ijó

Gbérí ọdẹ, ẹ̀wù tí ọdẹ àti jagunjagun Yorùbá ń wọ̀, ni wọ́n máa ń rán àdó àti òǹdè mọ́ lára. Òun kan náà ni ọdẹ ń wọ̀ jó bí wọ́n bá ń sun ìjálá. Níbo gan-an ni agbára rẹ̀ wà: nínú òwú, nínú ọfọ̀, àbí lára ẹni tó wọ̀ ọ́?

Ogun Kírìjì láàrin Ìbàdàn àti àwọn Èkìtì òun Ìjẹ̀ṣà, tó bẹ̀rẹ̀ ní 1877, tí wọ́n sì fọwọ́ sí àdéhùn àlàáfíà rẹ̀ ní 1886, dán ìgbàgbọ́ nínú agbára gbérí wò gidigidi. Àwọn ọmọ Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà tó wà l'Ékòó fi ìbọn ìgbàlódé ránṣẹ́ sí àwọn ọmọ ogun Ògèdèǹgbé, ọ̀gágun wọn. Bí ìbọn bá pa ẹni tó wọ gbérí, àlàyé ti wà nílẹ̀: ó jẹ èèwọ̀ ni. Àlàyé yìí kò lágbára tó, nítorí kò sí ohun tó lè já a nírọ́. Ṣùgbọ́n ó jẹ́ ká mọ̀ pé ìwà ni àwọn àgbà so agbára aṣọ mọ́.

Kì í ṣe gbogbo aṣọ ijó ló ní irú agbára bẹ́ẹ̀. Ní May 1940, nígbà tí Jámánì ya wọ Netherlands, àwọn oníjó báálẹ̀ẹ̀tì Sadler's Wells fi aṣọ ijó wọn sílẹ̀ sá lọ sí Lọ́ńdọ̀nù, wọ́n sì ń jó lọ. Ọ̀ṣọ́ ni aṣọ tiwọn, a lè rán òmíràn. Ti ẹ̀kú, aṣọ tí eégún ń gbé jó, yàtọ̀: ìdílé ló ń fi aṣọ kún aṣọ lára rẹ̀ láti ìran dé ìran, ará ọ̀run ló sì ni ín.